Ìtẹ́ Idì Etí Adágún Erie

Ní ọdún 1925, ìjì ńlá kan jà ní Vermilion, ìlú kékeré kan létí adágún Erie ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà. Ó gbé ìtẹ́ idì kan ṣubú tòun ti igi tó wà lórí rẹ̀. Ìtẹ́ náà kì í ṣe kékeré o. Ó ti lé ní 30 ọdún tí àwọn idì olórí funfun ti ń kó igi gbígbẹ kún un lọ́dọọdún, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó bíi tọ́ọ̀nù 2.

Ẹni tó jẹ́ ká mọ ìtàn ìtẹ́ yìí ni Francis Hobart Herrick, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ní Western Reserve University, Cleveland. Láyé ìgbà yẹn, ìbọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kí idì. Wọ́n ní ó ń gbé adìyẹ àti ọmọ àgùntàn lọ. Herrick kò gbé ìbọn ní tiẹ̀. Ilé ìṣọ́ gíga ló kọ́ sí tòsí ìtẹ́, ó sì fara pamọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà àti ìwé àkọsílẹ̀. Ó rí i pé takọtabo ló ń sàba lé ẹyin, takọtabo ló ń bọ́ ọmọ, ẹja sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wálé. Ní 1934, ó tẹ ìwé *The American Eagle* jáde. Ní 1940, òfin Amẹ́ríkà ka pípa ẹyẹ náà léèwọ̀.

Ẹnì kejì kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n rárá. Máníjà báǹkì ni Charles Broley ní Winnipeg, Kánádà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó ń sún mọ́ ẹni 60 ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun igi ní Florida ní 1939, ó ń fi òrùka sẹ́sẹ̀ ọmọ idì. Àwọn tó fi òrùka sí lé ní 1,200. Láti 1947, ó kíyè sí i pé nǹkan ti yí padà: ìtẹ́ wà, idì méjì wà nídìí rẹ̀, ọmọ ni kò sí.

Ó fura sí oògùn apakòkòrò, ìfura rẹ̀ sì tọ̀nà. DDT ń ṣàn wọnú omi, ó ń wọ ara ẹja, idì sì ń jẹ ẹja. Èèpo ẹyin wá di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òbí tó jókòó láti mú ẹyin móoru ló tún ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Rachel Carson mú àkọsílẹ̀ Broley wọ inú ìwé *Silent Spring* ní 1962. Ní 1963, tọkọtaya idì 417 péré ni wọ́n kà ní ìpínlẹ̀ 48 tó so kọ́ra ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fòfin de DDT ní 1972. Ní 1979, tọkọtaya 4 ló kù ní Ohio. Nígbà tó di 2020, ìtẹ́ tí wọ́n kà níbẹ̀ jẹ́ 707.

Kí ló wá kàn wá? Ẹ bi àwọn bàbá wa àgbà tó dáko kòkó léèrè nípa Gammalin 20. Ìdílé kan náà ni òun àti DDT. Oko kòkó ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn kan ń dà á sódò kí ẹja lè kú léfòó. Ta ló jókòó sétí odò wa nígbà náà, tó ń ka àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ẹja náà? Herrick àti Broley kò láṣẹ láti fòfin de ohunkóhun. Wọ́n kàn wò, wọ́n kà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, lọ́jọ́ tó bá pòórá, a ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan sọnù.