Ọ̀nà tí Bose Là ní Calcutta

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé ọgbọ́n àná ni WiGig, tí ó lè fi ìsọfúnni bíi bílíọ̀nù 7 bíìtì ránṣẹ́ láàárín yàrá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìlo wáyà. Lóòótọ́, ọdún 2012 ni ẹgbẹ́ IEEE fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń tọ̀ ti pẹ́.

Ní ọdún 1885, Jagadish Chandra Bose di olùkọ́ ní Presidency College, Calcutta, ní ilẹ̀ Íńdíà. Owó oṣù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lọ̀ ọ́ kò tó ti òyìnbó; ó kọ̀ ọ́ fún ọdún 3, síbẹ̀ ó ń kọ́ni. Ní 1895, ó fi ìgbì rédíò mú kí agogo dún, kí ẹ̀tù sì gbiná, láìfi ọwọ́ kàn wọ́n. Ìgbì tí ó ṣèwádìí ní àkókò náà kúrú dé mìlímítà 5, èyíinì ni 60 gigahertz, tí WiGig ń lò.

Èé ṣe tí a fi pa á tì? Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ a máa gbé ìgbì yìí mì. Marconi, tí ń wá bí iṣẹ́ yóò ṣe kọjá òkun, yan ìgbì gígùn. Àbùkù yìí ni ó wá di èrè: bí ìgbì kò ti rìn jìnnà, yàrá kan kì í dí èkejì lọ́wọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé kí a má fi èrè òní nìkan díwọ̀n ìwádìí. Ẹni tí wọ́n fojú kéré ní Calcutta ni ó la ọ̀nà tí ayé ń sáré gbà lónìí.