Ìpadàsẹ́yìn Nínú Iṣẹ́ Oníṣègùn E. Donnall Thomas

1.0 Ìfáàrà

Ó rọrùn láti fi Ẹ̀bùn Nobel tí E. Donnall Thomas (1920–2012) àti Joseph Murray jọ gbà ní 1990 bẹ̀rẹ̀ ìtàn oníṣègùn yìí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwọn ọdún tí Thomas fi padà sẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

2.0 Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́

Ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n ti bí Thomas. Yunifásítì Harvard ló sì ti gboyè ìṣègùn ní 1946. Inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde wà. Èrò rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn tí jẹjẹrẹ ti bà jẹ́, ti ẹlòmíràn lè rọ́pò rẹ̀. Ní 1957, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cooperstown, ìpínlẹ̀ New York, jábọ̀ lórí aláìsàn mẹ́fà tí wọ́n ṣe èyí fún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pẹ́ láyé. Ní 1959, wọ́n dán an wò láàrin ìbejì ajọra. Àrùn náà lọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ó sì tún padà dé.

Láàrin àwọn tí kì í ṣe ìbejì, ọ̀nà méjì ni ewu ti ń wá. Ara aláìsàn lè lé mùdùnmúdùn àlejò náà jáde. Bí kò bá sì lé e, àlejò lè dìde bá onílé jà.

3.0 Ìpadàsẹ́yìn

Ní àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ olùwádìí pa iṣẹ́ náà tì. Thomas dáwọ́ fífa mùdùnmúdùn ẹni tí kì í ṣe ìbejì sí aláìsàn lára dúró, ó sì gbájú mọ́ ìwádìí lára ajá. Ní 1963 ó kó lọ sí Seattle. Níbẹ̀ ni òun, Rainer Storb àti àwọn mìíràn ti rí i pé àwọn ajá ọmọ ìyá kan náà, tí àmì ara sẹ́ẹ̀lì wọn bára mu, lè gba mùdùnmúdùn ara wọn, pàápàá bí wọ́n bá fi oògùn methotrexate pẹ̀tù sí ìjà inú ara. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní ojo; ṣùgbọ́n àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

4.0 Èso Rẹ̀

Ní 1969, wọ́n padà sọ́dọ̀ aláìsàn, wọ́n sì ń lo mùdùnmúdùn ọmọ ìyá tí ó bá tiwọn mu. Ní 1977, wọ́n jábọ̀ lórí 100 aláìsàn tí oògùn kò ràn mọ́: 13 ṣì wà láàyè láìsí àrùn, àwọn kan fún ọdún mẹ́rin ó lé. Iye yìí kéré, ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí ìrètí ti pin fún ni. Ó tún kọ́ wọn pé kí wọ́n má dúró di ìgbà tí àrùn bá gbilẹ̀.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ kò jèrè nínú àṣeyọrí yìí. Bí Thomas bá ti ń bá a lọ lórí ènìyàn láìdúró, iye wọn ìbá pọ̀ sí i, ìmọ̀ kò sì ní í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òpìtàn tí ó bá ka ìṣẹ́gun nìkan yóò fo àwọn ọdún àárín yìí, yóò sì sọ ohun tí ó bí ìṣẹ́gun náà nù.