Ìṣẹ́jú Méjìlá ní Valencia

Àárọ̀

Bí aago bá lu méje òwúrọ̀ ní Valencia, ní ilẹ̀ Fẹnẹsúẹ́là, ọ̀sán ti pọ́n ní Ìbàdàn. Wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni, 24 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọdún 2025. Ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, ti àwọn tí wọ́n bí láti 1 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2005 síwájú, ti bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n òní gan-an ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń retí. Ìwé ìpín ti so Ajẹntínà àti Bràsíl pọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa jáde. Kò sẹ́ni tó tíì bá ẹlòmíì dán ara rẹ̀ wò kó tó kan ẹni tó ń bẹ̀rù jù.

Valencia kọ́ ló yẹ kí wọ́n wà. Ilẹ̀ Pẹ̀rú ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìgbàlejò ìdíje náà kí CONMEBOL, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, tó gbé e lọ sí Fẹnẹsúẹ́là. Àkókò ọ̀hún kò sì fara rọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé ṣáájú ọjọ́ yìí, ní 10 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n búra fún Nicolás Maduro fún sáà kẹta, lẹ́yìn ìdìbò tí àwọn alátakò fàáké kọ́rí pé òun kọ́ ló wọlé. Síbẹ̀, tí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ilé ni ìdíje náà padà sí. Caracas ni wọ́n ti gbá a fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1954, tí Urugúáì sì gba ife.

Valencia fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Pápá Carabobo, níbi tí Simón Bolívar ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Sípéènì ní 1821, kò jìnnà sí i. Àárín ìlú ni pápá ìṣeré Misael Delgado wà, ilé ikọ̀ Carabobo FC. Kì í ṣe Maracanã, kì í sì í ṣe Monumental ti Buenos Aires. Pápá kékeré tí ohùn ẹni tó ń bú rẹfirí máa ń dé etí rẹfirí ni.

Ọ̀sán

Ọ̀sán kò ní bọ́ọ̀lù kankan nínú, àfi ìtàn. Ìtàn tó wà láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí sì pọ̀ ju ọjọ́ orí wọn lọ.

Ẹ mú Claudio Echeverri, balógun ikọ̀ Ajẹntínà. Resistencia, ní ìpínlẹ̀ Chaco, ni wọ́n ti bí i ní 2 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2006. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 19 lọ́jọ́ yẹn ni. Manchester City ti san owó rẹ̀ fún River Plate láti ọdún kan sẹ́yìn, wọ́n kàn fi í sílẹ̀ kó tún gbó sí i ni. Ní 24 oṣù Bélú 2023, ní Jakarta, níbi Ife Àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, òun nìkan ló gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Ajẹntínà fi lé Bràsíl sílé. Agustín Ruberto wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ikọ̀ ọjọ́ náà. Góòlù mẹ́jọ ni Ruberto gbá ní ìdíje yẹn, kò sẹ́ni tó gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní Jakarta ni Diego Placente. Ní Valencia, Placente náà ni. Òun alára ti gba Ife Àgbáyé ọ̀dọ́ ní Malaysia ní 1997, nínú ikọ̀ kan náà pẹ̀lú Riquelme àti Aimar. Ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ yìí, ó ti fojú ara rẹ̀ rí i.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Ramon Menezes ló ń darí Bràsíl. Òun ló kó wọn gba ìdíje yìí gan-an ní Bogotá ní 2023, ó sì ti fìdí hẹ ikọ̀ àgbà fúngbà díẹ̀ lọ́dún yẹn. Àmọ́ ilẹ̀ Fẹnẹsúẹ́là kò ṣe é ní oore. Ní 11 oṣù Èrèlé 2024, ní Caracas, góòlù kan ṣoṣo tí Luciano Gondou fi orí kàn dí ọ̀nà Òlíḿpíkì Paris mọ́ ọn lójú. Bràsíl, tó gba wúrà Òlíḿpíkì ní 2016 àti ní 2020, jókòó sílé. Àwọn wo ló dí i lọ́nà? Ajẹntínà kan náà. Kò tíì pé ọdún kan tí ó fi tún padà síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó máa ń fi orúkọ orílẹ̀-èdè dá ẹjọ́ kì í rò. Kò sí òfin tó ní kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ fún ìdíje yìí. Endrick, ọmọ Bràsíl, ṣì kéré tó láti gbá a nígbà náà, Madrid ló wà. Estêvão náà kéré tó, kò sí níbẹ̀. Franco Mastantuono, ọmọ River, kò bá Ajẹntínà lọ. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń pè ní ikọ̀ ọ̀dọ́ Bràsíl ní Valencia ni àwọn tí ilé jẹ́ kí wọ́n jáde. Èmi ò sọ pé kí a fi ìyẹn gbà wọ́n sílẹ̀ o. Ajẹntínà pàápàá ní àwọn tí wọn kò rí.

Ẹni tó bá ń ka èyí ní ilẹ̀ wa lè béèrè ohun tó kàn wá nínú ìjà ilé onílé. Bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ ni àwa àti Messi ti kọ́kọ́ pàdé. Utrecht ni, 2 oṣù Agẹmọ 2005, àṣekágbá Ife Àgbáyé ọ̀dọ́: pẹnáritì méjì ló fi bá tiwa jẹ́, 2 sí 1. Taye Taiwo, ọmọ Èkó, ló gba ipò kẹta nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n gbá jù níbẹ̀. Messi yẹn kò gba ìdíje Gúúsù Amẹ́ríkà ti ọdún náà. Kòlóḿbíà ló gbà á.

Ìrọ̀lẹ́

Oòrùn wọ̀ ní Valencia ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Iná pápá ti tàn. Ní São Paulo, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wo ọ̀la: Copinha, ìdíje ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ Bràsíl kò fi ṣeré rárá, máa parí ní ọjọ́ kejì láàárín Corinthians àti São Paulo.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdíje náà ṣe ń lọ, torí ó máa wúlò níwájú. Orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ni, márùn-ún nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta máa ń kọjá, méjì á sì kó ẹrù wọn. Àwọn mẹ́fà tó kọjá á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, oníkálùkù á pàdé gbogbo àwọn yòókù, ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ni ife. Kò sí kòmẹsẹ̀-ó-yọ, kò sí àṣekágbá. Mẹ́rin nínú wọn á bá Chile tó jẹ́ olùgbàlejò lọ sí Ife Àgbáyé lóṣù Owewe.

Alẹ́, nǹkan bí aago méje

Ní Nàìjíríà, òru ti dé ìdajì. Rẹfirí fun fèrè.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kò ní ìtàn. Ní ìkẹfà, Ian Subiabre, ọmọ River Plate, fi bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ọ̀kan sí òdo. Kò sí àjálù nínú ìyẹn. Ìdíje wo ni ikọ̀ kan kì í ti í kọ́kọ́ gba góòlù?

Ní ìkẹjọ, Echeverri fi ìkejì sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láàárín góòlù kìíní àti ìkejì, ìṣẹ́jú méjì ló wà lórí aago. Nínú méjì yẹn, àwọn ọmọ Ajẹntínà ti sáré lọ sí igun pápá, wọ́n ti gun ara wọn, wọ́n ti rọra rìn padà sí ìdajì tiwọn. Ìyẹn á gbà tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni Bràsíl gbé bọ́ọ̀lù sáàárín. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan tó kù ni wọ́n fi gbá a, tí wọ́n fi pàdánù rẹ̀, tí wọ́n tún fi wo ẹ̀yìn aṣọ́lé wọn lẹ́ẹ̀kejì. Àgbà agbábọ́ọ̀lù mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nírú àsìkò yẹn. Ẹnì kan á ṣubú, á di orúnkún rẹ̀ mú. Aṣọ́lé á máa tún okùn bàtà so. Balógun ikọ̀ á lọ bá rẹfirí jà lórí ohun tí kò sí. Wọ́n á pa ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́nà wẹ́rẹ́, ara á balẹ̀. Ọmọ ọdún 19 kì í mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ gba tirẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ó sì sáré síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo bí ọjà tí òjò lé tú.

Aago kò tíì lé ní ìṣẹ́jú méjìlá tí bọ́ọ̀lù kan fi kan Igor Serrote, adẹ́yìnmú Bràsíl láti Grêmio, tó sì wọ ilé ara wọn. Mẹ́ta sí òdo.

Èrò mi ni pé ibẹ̀ ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà parí sí, tí gbogbo ìyókù sì jẹ́ àfikún. Kì í kúkú ṣe pé Ajẹntínà dára ju Bràsíl lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Àwọn kan mọ ara wọn láti ọmọdé: Subiabre, Echeverri àti Ruberto, ọmọ River ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sì ti kó Echeverri àti Ruberto rìn láti Jakarta. Àwọn kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ orúkọ ara wọn.

Ìsinmi ìdajì eré

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Bràsíl wọ̀nyí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ní 8 oṣù Agẹmọ 2014, ọjọ́ tí Jámánì gbá 7 sí 1 mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Belo Horizonte. Góòlù márùn-ún ló ti wọlé kí ìṣẹ́jú 30 tó pé lọ́jọ́ náà. Wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn nínú yàrá ìmúra ohun tí mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú méjìlá lè dà.

Abala kejì

Ìsinmi kò wo ohunkóhun sàn. Ìdajì kejì kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Ruberto fi gbá ìkẹrin, tí Echeverri sì gbá ìkarùn-ún. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 78, Santiago Hidalgo, ọmọ Independiente, fi ìkẹfà sí i. Àmì ayò mẹ́fà sí òdo. Bràsíl kò tíì jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje yìí.

Ó sì jẹ́ iye tí àwọn fúnra wọn mọ̀ dáadáa. Ní 12 oṣù Èrèlé 2011, ní Arequipa, ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ìdíje kan náà, Bràsíl ló gbá mẹ́fà sí òdo mọ́ Urugúáì lọ́wọ́: Lucas mẹ́ta, Neymar méjì, Danilo ọ̀kan. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba ife.

Ọ̀gànjọ́

Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ní Valencia, aago mẹ́rin ìdájí níbí, tábìlì ìpín fi Bràsíl sí ìsàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú góòlù mẹ́fà ní gbèsè. Ẹni tó bá sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ilẹ̀ wọn kò tún ní ọ̀dọ́ mọ́, àwọn tó máa gbà á gbọ́ kò ní í kéré. Àmọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ló ń kọjá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ló sì kù. Wọ́n na Bòlífíà lẹ́yìn náà, 2 sí 1, wọ́n rá pálá kọjá. Nígbà tí wọ́n dé àárín àwọn mẹ́fà, òfin ìdíje pa gbèsè rẹ́. Kò sí èyí tó bá wọn débẹ̀ nínú góòlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Wọ́n tún pàdé Ajẹntínà níbẹ̀. Echeverri gbá tirẹ̀ wọlé bó ti máa ń ṣe, Rayan ti Vasco sì dá a padà: ọ̀mì, 1 sí 1. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, 16 oṣù Èrèlé, àmì mẹ́wàá-mẹ́wàá ni àwọn méjèèjì ní. Paragúáì na Ajẹntínà 3 sí 2. Bràsíl na Chile 3 sí 0, gbogbo góòlù náà ní abala kejì, wọ́n sì gba ife náà fún ìgbà 13. Ramon Menezes, tí ọ̀pọ̀ ti dágbére fún ní Valencia, ló ṣì jókòó lórí àga.

Ní oṣù Owewe, Ramon kan náà kó wọn lọ sí Chile fún Ife Àgbáyé. Wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Mẹ́síkò, Mòrókò nà wọ́n, Sípéènì nà wọ́n; Bràsíl kò tíì kógbá sílé láti inú ìpín rí nínú ìdíje yẹn. Ajẹntínà dé àṣekágbá kí Mòrókò tó gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà ibẹ̀, ní Santiago, 8 oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n gbá mẹ́rin sí òdo mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́. Ruberto kò sí níbẹ̀, torí iṣan orúnkún rẹ̀ já nígbà ìdíje Fẹnẹsúẹ́là. Echeverri náà kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Jámánì tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà kò jẹ́ kó lọ.