Géètì Ojú Irin Tóóró: Láti Inú Òfin dé Orí Tábìlì Àwòṣe

Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba ṣe òfin fún àwọn ilé-iṣẹ́ réluwéè ní ọdún 1845, wọ́n là á sílẹ̀ pé níbikíbi tí títì gbogbogbò bá ti gba orí ojú irin kọjá, ilé-iṣẹ́ réluwéè gbọ́dọ̀ ri géètì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì gba ẹni tí yóò máa ṣí i, tí yóò sì máa tì í. Ohun tó lè ya ẹni òde òní lẹ́nu ni pé títì ni òfin náà ní kí géètì máa dí nígbà gbogbo, kì í ṣe ojú irin. Ẹlẹ́ṣin àti darandaran ni yóò dúró títí aṣọ́nà yóò fi ṣí i fún wọn. Géètì onípákó tí wọ́n kun àmì pupa sí láàárín yìí ni àwọn tó ń kọ́ réluwéè àwòṣe, ìyẹn réluwéè kékeré tí a gé ìwọ̀n rẹ̀ kúrú láti ara ti gidi, ṣì ń sapá láti mú kí ó máa ṣí, kí ó sì máa tì lórí tábìlì.

Níbi tí èrò bá ti pọ̀, géètì mẹ́rin ló sábà máa ń wà. Òṣìṣẹ́ inú ilé ìdarí, ìyẹn ilé gíga tí àwọn ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, ni yóò yí àgbá ńlá kan tó dà bíi ti atukọ̀ ojú omi, tí àwọn irin tó gba abẹ́ ilẹ̀ yóò sì yí géètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Wọ́n fi ètò ìdè kún un, irú èyí tí John Saxby gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1856: bí géètì kò bá tíì dí títì tán, ọ̀pá tó ń fún awakọ̀ ní àmì pé kí ó máa bọ̀ kò ní ṣeé fà rárá. Ètò ìdè yìí gan-an ni ọgbọ́n inú iṣẹ́ náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwòṣe máa ń fò dá.

Ojú irin tóóró ni èyí tí àlàfo irin rẹ̀ méjèèjì kò tó 1,435 mílímítà tó wọ́pọ̀. Ti Ffestiniog ní Wales, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1836 láti máa kó òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé, jẹ́ 597. Ti Welshpool sí Llanfair, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1903, jẹ́ 762, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú réluwéè kékeré tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí Afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó ní 1902, tí kò sí mọ́ lónìí. Àìtó owó ló bí títóóró wọn, nítorí irin tó sún mọ́ra lè yí kọ́rọ́ òkè láìsí pé a gbẹ́ ilẹ̀ púpọ̀. Òfin 1896 lórí réluwéè fẹ́ẹ́rẹ́ tún gba irú wọn láyè láti má ṣe ri géètì, bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò tí wọ́n fi ọ̀pá irin bò sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí màlúù má baà wọ ojú irin, tí ọkọ̀ sì ń rọra rìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Welshpool.

Ẹni tó bá tún fẹ́ géètì lórí àwòṣe tóóró yóò bá ìṣòro ìwọ̀n pàdé. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní 009, níbi tí mílímítà 4 ti dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, tí àlàfo irin sì jẹ́ mílímítà 9, géètì mítà 3 yóò di nǹkan bíi mílímítà 40. Wáyà idẹ tó jẹ́ òpó rẹ̀ yóò gba inú páìpù tóóró kọjá pákó tábìlì, apá kékeré tí wọ́n jó mọ́ ọn nísàlẹ̀ yóò sì so mọ́ ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń pè ní servo, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú kí ó rọra yí, nítorí géètì tó bá fò pàá kò jọ ti gidi. Títì fẹ̀ ju ojú irin lọ: géètì méjì tó dọ́gba pẹ̀lú ìbú títì yóò gun ara wọn bí wọ́n bá yí wá dí ojú irin, àfi kí wọ́n sún òpó ọ̀kan sẹ́yìn, kí èkejì sì kọ́kọ́ lọ. Suíìṣì kékeré kan lábẹ́ pákó, tí kò ní jẹ́ kí iná dé ojú irin títí géètì yóò fi dí títì tán, ló máa ń ṣe iṣẹ́ ètò ìdè.

Ní 1952, wọ́n gbé ọ̀pá ìdènà tó ń lọ sókè dé Warthill nítòsí York, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba, àwọn géètì onípákó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àwòṣe wá di ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a fi lè rí bí àgbá, irin abẹ́ ilẹ̀ àti ètò ìdè ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́ àwòṣe Welshpool, tó fi géètì mẹ́rin sí i, ti pa irọ́ mọ́ ìtàn. Kòtò ló yẹ kó gbẹ́.