Páálí Ni Oríkì Ọjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn." Bí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ mọ́ ènìyàn lára, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣẹ mọ́ ọjà. Ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àròkọ yìí kéré ní ìrísí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kéré. Òun ni àpótí irin kékeré tí àwọn onijìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré, tí ó sì ń yí ohùn jìtá padà. Ó lè mú kí jìtá máa kùn bí agbọ́n, ó lè mú kí ó máa sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó sì lè mú kí ohùn rẹ̀ máa padà wá bí gbohùngbohùn orí òkè. Pẹ́dà ni àwọn olórin wa ń pè é. Ìbéèrè mi ni èyí: kí ló dé tí onijìtá fi máa ń béèrè páálí pẹ́dà kí ó tó béèrè ohùn rẹ̀?

Ní ọdún 2011, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ajégúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n bá òun ra pẹ́dà. Mo ní kò burú. Ó wá fi kún un pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó wà nínú páálí rẹ̀ ni kí ẹ bá mi rà o." Mo bi í pé ṣé páálí ni yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ tà á lọ́la, páálí ni ẹni tó fẹ́ rà á yóò kọ́kọ́ bi mí." Èsì yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló sún mi dé ìdí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí.

Láyé àtijọ́, a kì í di ìlù sínú páálí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìyáàlù dùndún mọ ilé tí yóò gbà lọ. Ó mọ ẹni tí ó gbẹ́ igi ọ̀mọ̀, ó mọ ẹni tí ó fi awọ bò ó, ó sì mọ ẹni tí ó so ṣaworo mọ́ ọn. Bí a bá ti gbọ́ Àyàndélé tàbí Àyàntúndé, a ti mọ̀ pé ìdílé onílù ni. Lóòótọ́, wọ́n máa ń ṣe ìlù lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ kọ́ ni ẹ̀rí. Orúkọ ìdílé ni ẹ̀rí. A ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń wo ilé kí a tó ra ìlù.

Ilé tí pẹ́dà ti wá ni a kò mọ̀. Ní ọdún 1962 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Maestro Fuzz-Tone jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1967, ilé iṣẹ́ Vox ti gbé èyí tí ń mú jìtá ké bí ènìyàn jáde. Ní ọdún 1977, àwọn ará Jàpáàní tí ń jẹ́ Boss bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn kékeré tí a kun ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Ilé iṣẹ́ wọ̀nyí jìnnà sí wa. A kò mọ baba wọn, a kò mọ ìyá wọn. Ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ni ọjà àti ohun tí a fi dì í.

Èbúté Àpápá, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1921, wà lára àwọn ẹnu ọ̀nà tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń gbà wọ ìlú. Ní Àpápá yìí kan náà, ní òpópónà Wharf Road, ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI wà nígbà náà. Ibẹ̀ ni Paul McCartney àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ní ọdún 1973 láti ṣe púpọ̀ nínú àwo *Band on the Run*. Ọdún náà ni EMI gbé *Chapter One* ti ẹgbẹ́ BLO jáde. Ẹni tí ó bá gbọ́ jìtá Berkley Ike Jones nínú àwo náà yóò mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti gba ohùn tuntun yìí, wọ́n sì ti sọ ọ́ di tiwọn.

Ohùn di tiwa, ṣùgbọ́n páálí kò di tiwa. Mo sọ èyí nítorí pé ní àkókò kan náà ni a fi hàn pé a mọ páálí í ṣe. Àwo orin náà ní páálí tirẹ̀. Ní ọdún 1974, Ghariokwu Lemi ya àwòrán sára páálí *Alagbon Close* ti Fẹlá. Ó ya Fẹlá tí ń jó, tí ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ti já, ó sì ya ẹja àbùùbùtán tí ó dojú ọkọ̀ omi àwọn ọlọ́pàá dé. Ṣàṣà ni ẹni tí ó rí páálí yìí tí kò ní mọ ohun tí orin inú rẹ̀ dá lé. Páálí náà ń sọ ẹni tí ó ni orin, ó ń sọ ìlú tí ó ti wá, kò sì tijú.

Bí a bá wò ó fín-ín-fín, iṣẹ́ mẹ́ta ni páálí pẹ́dà ń ṣe. Èkínní, ó ń dáàbò bo ọjà kúrò lọ́wọ́ ìkọlù àti òtútù ojú òkun. Èkejì, ó ń gbé ìwé ìlànà tí ó ń kọ́ni bí a ti ń lò ó. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: ó ń jẹ́rìí pé ibi báyìí ni ọjà ti wá. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kó pẹ́dà àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi ń san owó lé owó bí páálí àti ìwé rẹ̀ bá pé. Electro-Harmonix tilẹ̀ ti fi àpótí pákó di àwọn kan nínú tirẹ̀ rí. Èyí fi hàn pé kì í ṣe onijìtá Ajégúnlẹ̀ nìkan ni ó ń wo aṣọ kí ó tó kí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ìdí tiwa le ju tiwọn lọ. Nígbà tí ètò SAP dé ní ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, ọjà tuntun sì di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó. Tòkunbọ̀ gbòde. Tòkunbọ̀ kì í sábà ní páálí. Ìhòòhò ni ó ń wọ̀lú. Láti ìgbà náà ni páálí ti di ààlà láàárín tuntun àti àlòkù, láàárín ojúlówó àti ayédèrú. Níbi tí páálí bá sì ti di ẹlẹ́rìí, ẹnì kan yóò wá ọ̀nà láti ra ẹlẹ́rìí náà.

Èyí ni ó dá mi padà sí pẹ́dà tí mo rà. Lọ́wọ́ òǹtàjà kan ní Èkó ni mo ti rà á, nínú páálí tí ó ń dán, tí orúkọ òkè òkun wà lára rẹ̀. Inú ọmọ náà dùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, pẹ́dà dákẹ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń tún rédíò ṣe ní Ajégúnlẹ̀, mo sì bá a lọ. Bàbá náà tú síkúrù mẹ́rin ìdí rẹ̀. Nínú ọmọrí náà ni a ti rí ohun tí ẹnì kan fi bírò kọ: lẹ́tà méjì, ọ̀rọ̀ náà "Lagos", àti ọdún 2010.

Orí mi gbóná. Mo ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, òótọ́ sì ni. Bàbá náà kò dá mi lóhùn. Ó gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́ o, sà. Wáyà kan péré ló já." Ó fi léèdì jó o mọ́ ọn. Pẹ́dà náà ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń rò mí láti ìgbà náà. Ọmọ Èkó kan ṣe iṣẹ́ tí ó dára, ó sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò wò. Èmi kò gbè sẹ́yìn ẹni tí ó fi iṣẹ́ náà sínú páálí olówó páálí. Irọ́ ni, olè sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí n tó dá a lẹ́bi tán, ó yẹ kí n bi ara mi: bí ó bá kọ "Lagos" gàdàgbà sí ojú páálí, ṣé èmi yóò rà á? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò ní rà á.

Páálí ni oríkì ọjà tí a kò mọ ilé rẹ̀. Nígbà tí a mọ Àyàn, a kò nílò rẹ̀. Ní báyìí tí a kò mọ ara wa mọ́ nínú ìlú ńlá, a nílò rẹ̀. Ẹni tí a fi oríkì ẹlòmíràn kì, kò sí bí orí rẹ̀ ṣe lè wú. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ Ajégúnlẹ̀ tẹ páálí tirẹ̀, kí ó kọ orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ síta, kí ẹni tí ọjà rẹ̀ bá bàjẹ́ lè mọ ilé tí yóò gbà lọ. Kí àwa tí ń rajà náà sì yé fi ojú òkùnkùn wo orúkọ ìlú wa lára ọjà. Ajégúnlẹ̀ ni ìlú ń jẹ́. Ajé tí yóò gúnlẹ̀ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ọkọ̀ òkun gbé wá nìkan.