Ìtàn Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ: Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ìlú, fún ọjà àti fún àdúgbò. Orúkọ ni àpò tí àwọn baba ńlá wa tọ́jú ìtàn sí. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ti ń pa ìtàn kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó lè bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí fún wa lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí ó bá dé Ọ̀yọ́ lónìí, tí ó rí ààfin, tí ó rí ọjà Akẹ̀sán nítòsí rẹ̀, tí a sì júwe Kòso fún un, lè rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀nà jíjìn ní ìhà àríwá ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, nínú igbó tí ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe Old Oyo National Park ní ọdún 1991. Ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin àti ogun àwọn Fúlàní tí ó tẹ̀ lé e ni ó tú ìlú náà ká. Nígbà tí Aláàfin Olúewu kú sí ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1836, Àtìbà ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni oyè kàn. Àtìbà kò padà sí ahoro. Àgọ́ Ọ̀jà ni ó jókòó sí, ó sì sọ ibẹ̀ di Ọ̀yọ́.

Ọgbọ́n tí Àtìbà dá yẹ fún àròjinlẹ̀. Kò lè ru ògiri Ọ̀yọ́ Ilé lórí, ṣùgbọ́n ó ru orúkọ. Akẹ̀sán tí í ṣe ọjà ọba lọ́hùn-ún di ọjà ọba níhìn-ín. A ṣe Kòso tuntun, kí ọba má baà ṣaláìrí ibi tí yóò ti gba adé Ṣàngó. Àwọn ìlú kéékèèké àyíká, bí Àkéètàn, Apáàrà, Ìsẹ̀kẹ̀ àti Jàbàtà, ni a kó wọnú ìlú tuntun náà, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì wá tìfẹ́tìfẹ́. Orúkọ àdúgbò lásán ni a ń pè wọ́n lónìí, àmọ́ olúkúlùkù wọn ti jẹ́ ìlú lọ́tọ̀ rí.

Ta wá ni Ọ̀jà? Òun ni ó tẹ àgọ́ náà dó kí Àtìbà tó di ọba níbẹ̀. Oyè Aṣípa ni a mọ̀ mọ́ ìdílé rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wí pé Ọ̀yọ́ Àtìbà ni ìlú náà ń jẹ́, òótọ́ ni ó sọ. Bí ẹlòmíràn bá sì ní Àgọ́ Ọ̀jà ni, òun náà kò purọ́. Ẹni tó bá gba ọ̀kan tí ó ju èkejì nù ni ó ń ṣe ìtàn léṣe.

Ìlú tí a fi orúkọ kọ́ yìí rí iná kọjá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1895, nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, àwọn ọmọ ogun òyìnbó tí Ọ̀gágun Bower jẹ́ olórí wọn yin àgbá lu Ọ̀yọ́. Ní àkókò yẹn gan-an, Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, ń kó ìtàn Yorùbá jọ láti ẹnu àwọn arọ́kin. Ó parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù. Ó kú ní ọdún 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ni ó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020 ẹ̀wẹ̀, iná jó Akẹ̀sán, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sì pàdánù ohun ìní wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ọjà náà kọ́. Ìsọ̀ tuntun ni, ṣùgbọ́n Akẹ̀sán náà ni ó ṣì ń jẹ́.

Bí ti Ọ̀yọ́ bá jẹ́ orúkọ tí a rù wá, ti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ orúkọ tí a fi ogun gbà. Ìtàn sọ pé Ògúnlọlá ọdẹ àti Ẹ̀ṣúù aya rẹ̀ ni wọ́n pa ahéré sí ẹ̀gbẹ́ igi àjàgbọn, níbi tí ó wà níwájú ààfin Ṣọ̀ún báyìí. Àwọn ọdẹ mìíràn wà nítòsí: Aálẹ̀ ní Òkè-Ẹlẹ́rìn, Ohunsilé ní Ìjẹrú, Orísátólú ní Ìsàpá, àti Akandíé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Àlọ́ńgọ́ sílẹ̀ láti jọ ṣọdẹ àti láti gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú.

Nígbà tí ẹjọ́ gbé Ògúnlọlá dé Ọ̀yọ́, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ Aláàfin lẹ́nu. Ògúnlọlá bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun dojú kọ ọ́. Ó pa á, ó sì gbé orí rẹ̀ dé. Láti inú Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni Ògbómọ̀ṣọ́ ti jáde. Aláàfin ní kí ó máa ṣe ọ̀hún, èyí tí wọ́n ní oyè Ṣọ̀ún ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn yìí dáadáa. Orúkọ ọ̀tá tí a pa wà lára ìlú; oyè ẹni tó pa á wà lára ọba. Níbo ni Ẹ̀ṣúù wà? Lẹ́yìn ìgbẹ́, ahéré rẹ̀ ni àwọn ọdẹ ti ń jẹ ẹ̀wà, tí wọ́n ti ń mu ọtí ọkà bàbà tí ó pọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbìmọ̀, ìyẹn ni ó sì sọ ọkọ rẹ̀ di olórí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó dé, ìkòkò Ẹ̀ṣúù ti kó ènìyàn jọ.

Nígbà ogun Fúlàní, ọ̀pọ̀ ìlú tí ó fọ́ sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn wọn ni Bowen dé pẹ̀lú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ọdún 1855, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà tẹ̀ lé e ní 1898, tí ilé ìwòsàn sì dé ní 1907. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1990 ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, tí ó jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò bí Ṣọ̀ún Tóyèjẹ́ ti jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀.

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, a bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n àrọ́bá ń bá àgbà lọ sí ọ̀run bí a kò bá gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ ọmọ nípa Àtìbà, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ Ọ̀jà. Bí a bá ń kí Ṣọ̀ún, ẹ jẹ́ kí a rántí Ẹ̀ṣúù. Kò sí ohun tí yóò dínkù nínú iyì ọba méjèèjì. Ìlú tí ó mọ gbogbo àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ni ó mọ ara rẹ̀.