Ẹ̀rọ Ìránṣọ Alágbèéká àti Oúnjẹ Aránṣọ

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bákan náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ alágbèéká, èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé láti iyàrá dé iyàrá, kì í ṣe ohun tí òpìtàn lè fojú di. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní ilé iṣẹ́ ńlá nìkan, ìbẹ̀rù ebi ni ó mú bá àwọn aránṣọ. Nígbà tí ó kéré tí ó sì wọ inú ilé, ó di ohun tí ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Aránṣọ ará Faransé ni Barthélemy Thimonnier. Ní 1830, ó gba ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń dáàbò bo ohun tí ènìyàn dá sílẹ̀, lórí ẹ̀rọ onígi kan tí ó ń fi òwú kan ṣoṣo ránṣọ. Kò pẹ́ tí 80 irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń rán aṣọ àwọn ọmọ ogun ní ilé iṣẹ́ kan ní Paris. Ní 1831, àwọn aránṣọ ìlú náà ya bo ibẹ̀, wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà túútúú. Kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lẹ́bi, ó yẹ kí ó rò ó pé ẹ̀rọ náà kì í ṣe tiwọn, èrè rẹ̀ kì í sì í wọ àpò wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó fẹ́ gbà. Thimonnier pàápàá kú nínú òṣì ní 1857.

Ní Amẹ́ríkà, Elias Howe gba ìwé àṣẹ ní 1846 lórí ẹ̀rọ olówú méjì. Abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ wà nítòsí ẹnu mímú rẹ̀ a ti òwú kan wọ inú aṣọ; ọkọ̀ kékeré kan, irú èyí tí àwọn ahunṣọ ń jù, a sì ti òwú kejì gba inú ti àkọ́kọ́, tí méjèèjì yóò fi di ara wọn mú. Ní 1851, Isaac Merritt Singer gba tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n iye owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Edward Clark, alábàáṣiṣẹ́ Singer, ni ó wá ọ̀nà sí i ní 1856: kí olùrà san díẹ̀, kí ó gbé ẹ̀rọ lọ sílé, kí ó sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni ẹ̀rọ wọ ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè bá a wọlé.

Ìdènà kejì ni ìwúwo. Irin ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ àtijọ́, orí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń wà. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí ó ní àpótí onígi ni ó kọ́kọ́ tú ìdè náà. Ní 1933, níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago, ilé iṣẹ́ Singer gbé ẹ̀rọ 221 jáde, èyí tí a mọ̀ sí Featherweight nítorí pé ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Álúmíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ bíi kìlógíráàmù 5. Mọ́tò kékeré ni ó ń yí i. Pẹpẹ rẹ̀ ṣeé ká sókè kí ó lè wọ inú àpótí rẹ̀. Ìrán gbọọrọ nìkan ni ó mọ̀, ṣùgbọ́n ìrán náà gún régé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni ó bá ọ̀pọ̀ ìlú mu, nítorí pé kò bèèrè iná mànàmáná. Ọwọ́ ọ̀tún a máa yí i, ọwọ́ òsì a máa darí aṣọ. Òun ni àwọn aránṣọ arìnkiri tí a ń pè ní obioma ń gbé lé èjìká, tí wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí dún kọ́kọ́kọ́ láti àdúgbò dé àdúgbò, kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya lè gbọ́. Èjìká wọn ni ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ohun tí ń fúnni ní oúnjẹ yẹ ní títọ́jú. Pàǹtí òwú a máa kó sí abẹ́ abẹ́rẹ́ àti sí àárín eyín tí ń fa aṣọ. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni a fi ń gbá a kúrò. Ẹ̀kán epo máṣíìnì kan tó fún ihò kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà rán àkísà, kí epo má baà ta sí aṣọ oníbàárà. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà kò yẹ ẹ́, nítorí wọn a dì, wọn a sì lẹ̀ mọ́ irin. Eyín àgbá inú 221 ní tirẹ̀ ń fẹ́ gírísì, kì í ṣe epo. Abẹ́rẹ́ tí ó bá tẹ̀ tàbí tí ó kú yẹ ní pípààrọ̀. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ni a ń yí àgbá sí. Bí òwú bá wà lójú abẹ́rẹ́, tí kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, kí a má yí i rárá, kí òwú má baà lọ́ pọ̀ nísàlẹ̀. Bí òwú bá sì ń já lemọ́lemọ́, kí a tún un kì kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Àwọn tí wọ́n fọ́ ẹ̀rọ ní Paris àti ẹni tí ń kán epo sí tirẹ̀ lóròòwúrọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń dáàbò bo: oúnjẹ ọmọ wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rọ wà.